Àyẹ̀wò ọdún 2025: ìbéèrè kan ṣoṣo tí mo gbé kiri àpérò

Ẹ kú ìparí ọdún, ẹ̀yin èèyàn mi. Bí ọyẹ́ bá ti ń mú ètè gbẹ ní Táńkè, Ìlọrin, báyìí, mo máa ń jókòó ti ìwé ìnáwó mi láti wo ọ̀nà tí owó gbà lọ. Lọ́dún yìí, ojú ìwé kan ló dá mi dúró, èyí tí mo kọ àwọn àpérò àwa tí à ń kọ áàpù fóònù sí. Mẹ́fà ni mo kọ ní oṣù January: Google I/O, WWDC ti Apple, KotlinConf, droidcon ti Berlin, àpérò kan ní Èkó, àti DevFest. Ká ní ẹ bi mí nígbà náà pé kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, mi ò bá má rí èsì kan gúnmọ́ fún yín. Orúkọ tí gbogbo wa ń pè ni mo kọ.

Ohun tó yí ìwé náà padà kò ṣẹlẹ̀ níbi àpérò kankan. Ọjà Ìpàtà ló ti ṣẹlẹ̀, ní oṣù April.

Áàpù àjọ ni mò ń kọ. Àwọn alájọ tó ń yí ọjà po ni mo kọ ọ́ fún. Alájọ á tẹ orúkọ oníbàárà, á tẹ iye tó dá, ó tán. Nígbà yẹn, orí WhatsApp ni mo fi ń pín in fún wọn. Alhájà kan tó kọ́kọ́ gbà á lò ní Ìpàtà ló pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ohùn rẹ̀ kò ga rárá, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. "Ọmọ mi, wá wo nǹkan tí fóònù yìí ń sọ." Mo gun ọ̀kadà, ó dọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ó na fóònù itel rẹ̀ sí mi. Ìyá kan tó ń ta ata gígún ti dá ẹgbẹ̀rún náírà láàárọ̀ ọjọ́ náà, àmọ́ ẹgbẹ̀rún méjì ló hàn lójú fóònù. Ti ẹni tó ń ta èlùbọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà rí bákan náà. Alhájà ti ọwọ́ bọ àpò, ó yọ káàdì àjọ àtijọ́ jáde, èyí tó ní àpótí mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tí bírò ti kọjá lójú àwọn kan. Kò tíì fọkàn tán áàpù mi tó láti ju káàdì nù, mo sì dúpẹ́ pé kò jù ú nù. Ó fi ìka lé àpótí ọjọ́ náà. "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo fa bírò níbí. Lọ́jọ́ tí oníbàárà bá rí ti inú fóònù, tó ní ẹgbẹ̀rún méjì lòun dá, kí ni mo fẹ́ wí?"

Kí n tó délé ni mo ti mọ ohun tó fà á. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú ọjà ń wá, ó ń lọ. Fóònù ti rán àkọsílẹ̀ owó náà, sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbogbo wọn, sì ti gbà á, àmọ́ èsì tí sáfà fi ń sọ pé òun ti gbà á já sọ́nà. Fóònù rò pé kò lọ, ó bá tún un rán. Ọ̀nà tí mo kọ́kọ́ gbà tún un ṣe ló wá burú jù. Mo ní kí sáfà má gba owó tí orúkọ àti iye rẹ̀ bá dọ́gba pẹ̀lú òmíràn láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó kù díẹ̀ káàtó: àwọn obìnrin kan wà tí wọ́n ń dá méjì lórúkọ kan, ọ̀kan fún ara wọn, ọ̀kan fún owó ilé ìwé ọmọ. Owó kejì ò wọlé mọ́. Ojú tì mí nítorí pé owó ọmọ ilé ìwé ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ṣòfò.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ṣí ìwé, mo kọ ìbéèrè kan: bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já lágbede méjì, kí ni mo lè ṣe tí owó kan ò fi ní wọlé lẹ́ẹ̀mejì? Mo wá mú ìbéèrè yẹn, mo fi wo orúkọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

WWDC ló kọ́kọ́ bọ́. Nínú gbogbo àwọn alájọ tó ń lo áàpù mi, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó ń lo iPhone. Kí èèyàn tó lè gbé áàpù sí ìsọ̀ wọn, Google Play tó jẹ́ ti fóònù Android gba $25 lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, Apple ní tirẹ̀ ń gba $99 lọ́dọọdún. June 9 ni WWDC bẹ̀rẹ̀, Monday tí ìjọba fi kún ìsinmi Iléyá. Ẹran ni mo bá àwọn ará ilé dín lọ́jọ́ náà, ọkàn mi ò sì dá mi lẹ́bi.

KotlinConf ló dùn mí láti fi sílẹ̀, nítorí Kotlin, èdè tí a fi ń kọ kóòdù, ni mo fi kọ áàpù náà. Copenhagen ni wọ́n ti ṣe é, láti May 21 sí 23. Owó físà Schengen, èyí tí a fi ń wọ ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, nìkan jẹ́ €90, bí wọn ò bá sì fún ọ ní físà, owó yẹn ti lọ nìyẹn. Mo ti ń ronú ibi tí màá ti yáwó kí n tó bi ara mi pé kí ni mo fẹ́ fi owó yìí rà gan-an? JetBrains tó ni Kotlin máa ń gbé ọ̀rọ̀ ibẹ̀ sórí YouTube lọ́fẹ̀ẹ́. Èèyàn inú gbọ̀ngàn lowó ń rà, ẹni tó o lè fà sí ẹ̀gbẹ́ kan kó bá ọ wo kóòdù rẹ. Mi ò sì mọ ẹnì kan níbẹ̀ tó ti kọ áàpù fún fóònù olówó pọ́ọ́kú nínú ọjà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń já. Berlin náà bá a lọ. Láti 2009 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ droidcon níbẹ̀, ó ti pẹ́ tó ti ń wù mí, ó ṣì ń wù mí dòní.

Google I/O, ilé la ti wò ó. Ẹnikẹ́ni ló lè wò ó lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, aago mẹ́wàá àárọ̀ California sì ni aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ lọ́dọ̀ wa. Àwa mẹ́rin da dátà jọ ní May 20, a ra wàrà díndín, a jókòó ti láptọ́ọ̀pù kan. Wọ́n pe ìrun Mọ́gàríbì, a lọ kírun, a padà dé, ọ̀rọ̀ Gemini, AI ti Google, ni wọ́n ṣì ń sọ. Èyí tó wúlò fún mi wà nínú àwọn fídíò Android tí wọ́n gbé jáde lẹ́yìn náà, mo sì wò wọ́n ní ìrọ̀rùn mi.

Ó wá ku Èkó. Mi ò ní dárúkọ àpérò náà. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú ètò wọn tó dà bí ẹni pé èmi ni wọ́n kọ ọ́ fún, lórí áàpù tó ń ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ọkọ̀ lọ-bọ̀ gba ₦36,000, ilé ìtura òru méjì ₦60,000, tíkẹ́ẹ̀tì ₦15,000, oúnjẹ àti ọkọ̀ inú Èkó ₦24,000. ₦135,000 lápapọ̀. A gba Gẹ̀rì Àlímì jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ìrọ̀lẹ́ la tó wọ Èkó, nítorí ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ tí gbogbo wa mọ̀.

Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fún olùbánisọ̀rọ̀ náà. Mo fi aago wò ó: ọjà ilé iṣẹ́ rẹ̀ ló fi ìṣẹ́jú márùndínlógójì polówó, àwòrán lórí àwòrán. Kò fi ìlà kóòdù kan hàn. Mo nawọ́, atọ́kùn ètò ní àyè ò sí mọ́, kí n bá wọn níta. Kí n tó rọ́nà jáde láàárín èrò, ọkọ̀ ti gbé e lọ. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù mi ní ṣíṣí lọ́wọ́. Inú bí mi, ó ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, torí pé owó tí mo ná yẹn, owó oṣù ẹlòmíì ni.

Àmọ́ nǹkan kan wà tí ọwọ́ mi ì bá ṣe kí n tó wọkọ̀. Ẹni náà ò ní kóòdù kankan tó jọ ohun tó fẹ́ sọ lórí GitHub, ibi tí àwa tí à ń kọ áàpù ń kó kóòdù wa sí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ì bá gbà mí láti rí i. Láti ìgbà yẹn, mo ti ń kọ lẹ́tà kúkúrú sí olùbánisọ̀rọ̀ kí n tó sanwó àpérò kankan: ìbéèrè mi rèé, ṣé ẹ ti bá a pàdé rí? Mo ti kọ márùn-ún. Mẹ́ta dáhùn, ọ̀kan nínú wọn sì sọ fún mi láìfi igbá kan bọ̀kan nínú pé ọ̀rọ̀ òun kò ní ràn mí lọ́wọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹni yẹn gan-an.

Oṣù August ni ìbéèrè náà tó rí èsì, ní ìpàdé kékeré kan ní yàrá òkè ilé kan ní Òkè-Odò. A ò pé ọgbọ̀n. Fáànù kan ló ń yí. Lẹ́yìn tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ tán, mo ṣí láptọ́ọ̀pù, ọmọbìnrin kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Unilorin fa àga sún mọ́ mi. Ó ka kóòdù mi wálẹ̀ láìsọ̀rọ̀, ó fi ìka kan ìlà kan. "Ẹ̀gbọ́n, sáfà lẹ ní kó máa fún owó ní nọ́ńbà ìdánimọ̀. Ẹ jẹ́ kí fóònù fún un kó tó rán an. Bó bá tún un rán lẹ́ẹ̀mẹwàá, nọ́ńbà kan náà ni kó máa lò. Bí sáfà bá ti rí i pé nọ́ńbà yẹn wà lọ́wọ́ òun, kó kàn dáhùn pé òun ti gbà á."

Mo dákẹ́. Káàdì Alhájà ló wá sí mi lọ́kàn. Àpótí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ti wà lórí rẹ̀ kí owó tó dé. Bí alájọ bá gbàgbé tó tún débẹ̀, bírò ti wà lójú àpótí náà, kò lè fà á lẹ́ẹ̀mejì. Láti oṣù April ni ìdáhùn mi ti wà lórí káàdì yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n kà.

Ibẹ̀ náà ni mo ti rí àwọn tó bá mi dán áàpù wò. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí àkáǹtì ara ẹni ní Google Play gbọ́dọ̀ ní èèyàn 12 tó máa wà lórí ìdánwò fún ọjọ́ 14 gbáko kó tó lè gbé áàpù jáde fún gbogbo èèyàn. Ogún ni wọ́n ń béèrè tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó dín in kù ní December 2024. Mẹ́sàn-án forúkọ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ní ti DevFest, àwọn GDG, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi irinṣẹ́ Google ṣiṣẹ́, máa ń ṣe é káàkiri ayé ní apá ìparí ọdún, ti Ìlọrin ò sì gbà ju owó ọ̀kadà lọ, nítorí náà mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Láti September, owó kankan ò tíì wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Alhájà ṣì ń mú káàdì dání, mo sì ti sọ fún un pé kó má jù ú nù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló gbé ọ̀rọ̀ mìíràn wá. Àwọn kan nínú oníbàárà rẹ̀ kò mọ̀wé kà, wọ́n fẹ́ kí fóònù fi ẹnu sọ iye tí wọ́n ní, kó sì sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́jà: kó pe ₦1,500 ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ, pẹ̀lú ohùn tó yẹ lórí rẹ̀. Mo ti kọ ìbéèrè náà sí ojú ìwé tuntun fún 2026. Orúkọ àpérò kan ṣoṣo ló wà lábẹ́ rẹ̀, mo fi bírò pupa yí i ká, mi ò tíì san kọ́bọ̀. Lẹ́tà tí mo kọ sí ẹni tó máa sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ni mò ń dúró de èsì rẹ̀.