Ayọ̀ mẹ́ta nínú orúkọ ọmọ kan

Iṣẹ́ alẹ́ ni mo wà ní ọjọ́ 11 oṣù Keje, ọdún 2021, nílé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn mélòó kan tí oorun kò tíì kùn jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń wo àṣekágbá ife Yúróòpù láàárín England àti Ítálì ní Wembley. 1-1 ni wọ́n gbá a sí, ó di pẹnáárítì. Ẹni karùn-ún tí England rán jáde kò ju ọmọ ọdún 19 lọ. Bí mo ṣe rí Bukayo Saka tó ń rìn lọ síbi bọ́ọ̀lù ni àdúrà bọ́ lẹ́nu mi: "Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kójú ti ọmọ yìí." Donnarumma, aṣọ́lé Ítálì, gbá a jáde. Ìyá arúgbó tí mo fẹ́ fún lóògùn di ọwọ́ mi mú, kò sọ̀rọ̀.

Kílẹ̀ tó mọ́, àwọn kan ti ya bo Instagram ọmọ náà, wọ́n ń to àwòrán ọ̀bọ síbẹ̀. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti kà á, mo sì sunkún. Orúkọ rẹ̀ ni Bùkáyọ̀ Ayọ̀yínká Tèmídayọ̀. Àwọn tó ń sọ bọ́ọ̀lù lórí afẹ́fẹ́ níbí kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń pè. Àwa la gbọ́ ayọ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ealing, ní ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n bí i sí lọ́dún 2001. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ti wà pẹ̀lú àwọn ọmọdé Arsenal ní Hale End, lódìkejì ìlú pátápátá. Èmi náà máa ń gbé Tóbi, ọmọ mi, lọ síbi bọ́ọ̀lù láàárọ̀ Sátidé lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́. Inú mọ́tò ni mo máa ń sùn títí wọ́n á fi ṣe tán. Bẹ́ẹ̀ àdúgbò wa níbí náà ni o.

Nọ́ńbà 7 ni Saka ń wọ̀, apá ọ̀tún ló sì ti ń da àwọn ẹlẹ́yìn láàmú. Àmọ́ ohun tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ ṣáájú ìyẹn. Ní sáà 2019 sí 2020, àwọn tó ń gbá ẹ̀yìn lápá òsì farapa, Arsenal sì ní kí ọmọ tó jẹ́ wíńgà, tó ń gbá iwájú létí pápá, lọ dí ibẹ̀. Ó lọ. Ó ń ṣọ́ ẹ̀yìn, ó tún ń sáré síwájú lọ fún àwọn ajẹ́ayò ní bọ́ọ̀lù. Àwa tí a gbé ìwé ẹ̀rí wá láti ilé, tí a ń ṣe iṣẹ́ tí a rí, mọ irú ìyẹn lára. Lẹ́yìn náà, ó gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Premier League 87 léraléra fún Arsenal láìfo ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó ṣe é rí ní ẹgbẹ́ náà. Ẹ sì wo bí wọ́n ṣe máa ń gbá a lẹ́sẹ̀! Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ó tún fọwọ́ síwèé pé òun ṣì wà níbẹ̀.

Àwọn ará wa kan ṣì ń bínú pé kò gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà. Ó wù mí bẹ́ẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n n kò lè bá ọmọ jà nítorí ibi tó dàgbà sí, nígbà tó jẹ́ pé èmi ni mo gbé tèmi wá síbí.

Ọjọ́ 6 oṣù Keje, ọdún 2024, Düsseldorf, ní Jámánì. England ń bá Switzerland gbá nínú ife Yúróòpù. Switzerland ti jẹ ayò kan, ó ku bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Saka gba bọ́ọ̀lù lápá ọ̀tún, ó gé e wọ àárín, ó fi ẹsẹ̀ òsì gbá a, bọ́ọ̀lù kan òpó, ó wọlé. Ni ó bá tún di pẹnáárítì. Tóbi fi jẹ́sì rẹ̀ bojú. Mo ní kó ṣíjú. Saka gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀, ó gbá a wọlé.

Màmá mi pè láti Ọ̀yọ́ lóru ọjọ́ náà. Wọ́n ti gbọ́ ariwo lọ́dọ̀ aládùúgbò. "Àjàní, kí lorúkọ ọmọ yẹn?" Mo ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún wọn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

"Tún un pè," ni wọ́n wí.