Èrò pọ̀ lórí sáìtì, ta ló rajà? Bí a ṣe ń fi Google Analytics ka títẹ WhatsApp

Aládìrẹ tó tẹ́ igbá sí Ìtòkú l'Abẹ́òkúta kì í ka gbogbo ẹni tó gba iwájú ìsọ̀ rẹ̀ kọjá mọ́ oníbàárà. Ẹni tó bá dúró tó béèrè iye ni ó ń kà. Ṣùgbọ́n bí ọjà náà bá ti dórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, iye èèyàn tó wá sí sáìtì la máa ń gbé kiri.

Ohun tó sì dá kún un ni pé ọ̀pọ̀ sáìtì ọlọ́jà nílẹ̀ wa kì í gba owó lójú ewé. Oníbàárà á wo aṣọ, á tẹ bọ́tìnì WhatsApp, ibẹ̀ ni wọ́n á ti nájà, á fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì, ó parí. Google Analytics, irinṣẹ́ Google tó ń ka ohun tí àwọn èèyàn ń ṣe lórí sáìtì, ò sí níbẹ̀ nígbà tí owó ń wọlé. Títẹ bọ́tìnì yẹn ló sún mọ́ owó jù nínú ohun tó lè fojú rí, òun sì ni kí ẹ kọ́ ọ láti máa kà.

Ẹ kọ́kọ́ wọ Admin nínú Google Analytics, kí ẹ tún nǹkan mẹ́ta ṣe. Ẹ yí Time zone sí Nàìjíríà, ẹ yí owó sí náírà. Bí aago Los Angeles bá wà níbẹ̀, ọjọ́ tuntun ò ní bẹ̀rẹ̀ nínú ìròyìn yín títí di aago mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án àárọ̀ wa, ọjà tí ẹ tà láàárọ̀ kùtù á sì máa bọ́ sí ọjọ́ àná. Lẹ́yìn náà, ẹ wá Data retention: oṣù 2 ló máa ń wà níbẹ̀, ẹ sọ ọ́ di 14. Explorations (ibi tí ẹ ti lè ṣe ìwádìí tara yín) nìkan ni èyí kàn, àmọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ fi Iléyá ọdún yìí wé ti èṣí níbẹ̀, ẹ máa mọ ìwúlò rẹ̀. Ẹ̀kẹta, nínú Data streams, ẹ rí i dájú pé Outbound clicks (títẹ líǹkì tó jáde kúrò lórí sáìtì) wà ní títàn lábẹ́ Enhanced measurement.

Ó wá kan bọ́tìnì fúnra rẹ̀. Ẹ lọ sí Events, ẹ tẹ Create event, ẹ pè é ní whatsapp_click: lẹ́tà kékeré ni gbogbo rẹ̀, kò sí àlàfo, kò sí àmì ohùn. Àṣẹ méjì ni ẹ máa kọ sábẹ́ rẹ̀: event_name equals click, àti link_domain equals wa.me. Ìyẹn ni pé bí ẹnikẹ́ni bá tẹ líǹkì tó ń gbé e kúrò lórí sáìtì, tó sì jẹ́ wa.me ló ń lọ, kí Google kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ wá sọ ọ́ di key event, ìyẹn ìṣẹ̀lẹ̀ tó ṣe pàtàkì sí ọjà yín. Conversion ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀ kí Google tó yí orúkọ náà padà ní 2024. Níbi Counting method, ẹ mú Once per session, torí ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ ń ṣe ségesège lè tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí WhatsApp tó ṣí.

Ẹ fi fóònù tẹ bọ́tìnì náà fúnra yín kí ẹ sì wo Realtime, nítorí àwọn ìròyìn yòókù lè gba wákàtí 24 sí 48. Bí ó bá kọ̀ tí kò yọ, ó lè jẹ́ pé api.whatsapp.com ni líǹkì yín ń lò dípò wa.me. Èyí tó tún wọ́pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni bọ́tìnì róbótó aláwọ̀ ewé tó máa ń léfòó sí igun ojú ewé: púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe líǹkì gidi, kóòdù JavaScript ló ń ṣí WhatsApp fún wọn, nítorí náà Google ò rí líǹkì kankan tí wọ́n tẹ. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ fi líǹkì gidi rọ́pò rẹ̀. Ẹ má sì retí títẹ oṣù tó kọjá, ọjọ́ tí ẹ bá ṣe é ni kíkà bẹ̀rẹ̀.

Nọ́ńbà náà ńkọ́? wa.me/234, kí nọ́ńbà mẹ́wàá tó kù tẹ̀ lé e, láìsí òdo iwájú, láìsí àmì ìròpọ̀. Bí ẹ bá gbàgbé òdo yẹn síbẹ̀, Google á máa ka títẹ lọ ràì, ọ̀rọ̀ oníbàárà sì lè má dé orí fóònù yín. Ẹ tún lè fi ọ̀rọ̀ sẹ́nu oníbàárà:

wa.me/234XXXXXXXXXX?text=Mo%20fe%20AD14-F

%20 ni àlàfo. AD14 ni aṣọ, F ni Facebook. Ẹ ṣe ojú ewé kan fún ìpolówó Facebook, kí bọ́tìnì rẹ̀ ní F, ẹ ṣe òmíràn fún Instagram pẹ̀lú I, kí ẹ sì fi noindex sí àwọn ẹ̀dà náà kí Google má baà gbé wọn jáde nínú ìṣàwárí. Bí owó bá ti wọlé, kóòdù yẹn ló máa sọ ibi tó ti wá.

Líǹkì tí ẹ ń gbé síta náà gbọ́dọ̀ ní àmì tirẹ̀. Ẹni tó bá tẹ líǹkì ìhòòhò láti inú WhatsApp, Direct ni Analytics sábà máa ń pè é, torí kò sẹ́ni tó sọ ibi tó ti ń bọ̀ fún un. Ẹ kọ ọ́ báyìí (source ni ibi tó ti wá, medium ni irú ọ̀nà, campaign ni orúkọ ìpolówó):

example.com/adire-f?utm_source=facebook&utm_medium=paid_social&utm_campaign=ileya

Facebook àti facebook, méjì ni lójú Google, ẹ fi lẹ́tà kékeré kọ gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá sì kọ utm_medium=ipolowo, Google á kó ìpolówó tí ẹ sanwó fún mọ́ Organic Social, ìyẹn ti ọ̀fẹ́. Ẹ má fi àmì yìí sí líǹkì tó wà láàárín sáìtì yín rárá, á da orísun oníbàárà rú.

Ẹ jẹ́ ká fi owó ṣe é. Ká sọ pé ẹ ná ₦20,000 sórí Facebook, ₦20,000 sórí Instagram. Facebook kó 400 èèyàn wá, Instagram kó 150. Iye whatsapp_click jẹ́ 8 láti Facebook, 15 láti Instagram. Ẹ ka F àti I nínú WhatsApp: 2 ló sanwó láti Facebook, 6 láti Instagram. Oníbàárà Facebook kan jẹ ₦10,000 ìpolówó, ti Instagram jẹ nǹkan bí ₦3,300. Bí èrè orí àdìrẹ yáàdì márùn-ún bá jẹ́ ₦4,000, ẹni tó bá rà láti Facebook ń gbé ₦6,000 yín lọ pẹ̀lú aṣọ. Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ọjọ́ méjì pa ìpolówó kan. Nọ́ńbà tó kéré báyìí lè yí padà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Bí Ads Manager, ibi tí Facebook ti ń fi èsì ìpolówó hàn yín, bá ní èèyàn 600 tẹ líǹkì, tí Analytics rí 400, kò sẹ́ni tó ń purọ́. Facebook ka ìka tó tẹ̀ ẹ́, Analytics ò ka ẹnikẹ́ni àfi tí ojú ewé bá ti ṣí dé ibi tí kóòdù rẹ̀ wà. Púpọ̀ nínú igba tó kù ló ti sú kó tó ṣí. Fọ́tò ló sábà máa ń fà á: tí fọ́tò kan láti inú fóònù bá jẹ́ 4 MB, méjìlá lójú ewé kan ti di 48 MB, dátà oníbàárà ni ẹ sì ń jó yẹn. Ẹ dín in kù sí píksẹ́lì 1,200 ní fífẹ̀, kó jẹ́ WebP (irú fáìlì fọ́tò tó fúyẹ́), kí ó má ju 150 KB lọ. Méjèèjìlá ò ní tó 2 MB mọ́. Ẹ wá lọ sí PageSpeed Insights, irinṣẹ́ Google tó ń wọn ìyára ojú ewé, abala Mobile ni kí ẹ wò, kí LCP (àkókò tí ohun tó tóbi jù lójú ewé fi ń yọ) má kọjá ìṣẹ́jú àáyá 2.5.

Search Console, irinṣẹ́ Google mìíràn, ń tọ́jú ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn fi wá yín nínú ìṣàwárí fún oṣù 16. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá ti wà ní ipò 8 sí 15, tí impressions (iye ìgbà tó yọ) rẹ̀ pọ̀ tí clicks (iye ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́) ò tó nǹkan, ibẹ̀ ni kí ẹ ti tún àkọlé ojú ewé kọ. Ìwọ̀nba èèyàn ló ń tẹ àmì ohùn sínú Google, nítorí náà kí “adire” lásán náà wà níbì kan lójú ewé yín.

Òfin dátà Nàìjíríà ti 2023 fẹ́ kí ìdí tó bófin mu wà kí ẹ tó gba dátà ẹnikẹ́ni, ẹ fi ìbéèrè ìyọ̀ǹda síbẹ̀ kí Analytics tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Google fúnra rẹ̀ náà kọ̀ kí ẹ fi orúkọ, ímeèlì tàbí nọ́ńbà fóònù oníbàárà ránṣẹ́ sínú Analytics, títí kan inú líǹkì utm.