Ìrìnàjò mi sí etíkun Swansea: ekòló òkun kan tí ó di méjì

Nítorí ekòló òkun ni mo ṣe wọ ọkọ̀ ojú irin ní Paddington, ní Lọ́ńdọ̀nù, tí mo sì forí lé Swansea ní gúúsù Wales. Ọkọ̀ náà gba ihò abẹ́ odò Severn kọjá, ihò tí wọ́n ti ń lò láti 1886, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí èdè Welsh bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára àwọn pátákó ibùdókọ̀. Nígbà tí ẹni tí ó jókòó tì mí gbọ́ ohun tí mo ń wá lọ, ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn apẹja nìkan ni òun mọ̀ tí ń tìtorí ekòló rìn. Òótọ́ ni ó sọ, ọ̀dọ̀ àwọn apẹja gan-an sì ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Bristol Channel, omi òkun tí ó wà láàárín Wales àti England, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí omi ti ń kún tí ó sì ń fà jù lọ láyé. Bí omi bá ti fà tán ní Swansea, iyanrìn a tẹ́ lọ bẹẹrẹ. Orí iyanrìn yìí ni mo ti rí òkìtì imí ekòló tí a ń pè ní Arenicola marina, tí ó wé mọ́ra wọn wúruwùru bí okùn tí ẹnìkan jù sílẹ̀, pẹ̀lú kòtò kékeré kan ní ìtòsí rẹ̀ níbi tí iyanrìn ti ń rì lọ bá ẹnu ekòló náà nísàlẹ̀. Iyanrìn ni ó ń gbé mì. Bí ó bá ti mú oúnjẹ inú rẹ̀ tán, a ti ìyókù padà sókè.

Bàbá kan tí ó ń wú ekòló fún ìjẹ ìwọ̀ gbà mí láyè kí n wo inú garawa rẹ̀. Iwájú ekòló náà nípọn, ìdí rẹ̀ tín-ín-rín. Ìpín ara 19 ni ó ní irun gígan, 13 tí ó kẹ́yìn nínú wọn sì ní ìdì pupa ní ọ̀tún àti ní òsì, èyí tí ó fi ń mí. Bàbá náà ní blow lug ni àwọn apẹja ń pe eléyìí, pé irú kejì, black lug, ń bẹ nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí omi kì í pẹ́ kí ó tó padà bò: ó dúdú, ó tóbi, ihò rẹ̀ jìn, imí rẹ̀ sì máa ń ká rogodo létòlétò láìsí kòtò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n a máa tú ìfun rẹ̀ dànù kí wọ́n tó gbé e sínú yìnyín. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ń sọ ohun tí ọmọdé pàápàá mọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ kan ṣoṣo ni àwọn onímọ̀ ń pe méjèèjì fún ọjọ́ pípẹ́. Linnaeus, onímọ̀ ẹranko àti ewéko ará Sweden, ni ó sọ ekòló yìí lórúkọ ní 1758, nínú ìwé tí òfin ìsọmọlórúkọ ẹranko fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Lumbricus marinus ni ó pè é, nítorí pé ó kà á mọ́ ìdílé ekòló ilẹ̀. Ní 1801, Lamarck, onímọ̀ ẹranko ará Faransé, dá ìdílé Arenicola sílẹ̀, ekòló náà sì ṣí lọ síbẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń kọ ọ́ ní Arenicola marina (Linnaeus, 1758): àmì àkámọ́ yẹn ń sọ fún òǹkàwé pé ìdílé mìíràn ni ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ fi í sí. Mo fẹ́ràn òfin kékeré yìí púpọ̀, nítorí kò jẹ́ kí orúkọ tuntun pa ipa ẹsẹ̀ ti àtijọ́ rẹ́.

Gúúsù Wales níbí ni àwọn onímọ̀ méjì kan, Cadman àti Nelson-Smith, ti ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ní 1990, wọ́n fi ẹ̀rí àbùdá àjogúnbá hàn pé ẹ̀yà méjì ni. Ní 1993, wọ́n sọ black lug ní Arenicola defodiens, orúkọ tí ó tọ́ka sí bí ó ti ń walẹ̀ jìn. Ti Linnaeus dúró fún èkejì, nítorí orúkọ tí ó ṣáájú ni òfin ń gbè. Kò yà mí lẹ́nu pé àwọn apẹja ni ó kọ́kọ́ mọ̀ wọ́n yàtọ̀, torí pé ihò àti imí wà lára ohun tí ó pín wọn níyà, ìgò tí àwọn onímọ̀ fi ń pa òkú ekòló mọ́ nílé àkójọ kì í sì í gba ihò.

Àwọn ìwádìí tí a ti ṣe ṣáájú 1990 ni ó wá kù tí ó ń kọni lóminú. Ibikíbi tí wọ́n bá ti kọ Arenicola marina láìsọ apá ibi tí wọ́n ti wú u ní etíkun, tàbí bí imí rẹ̀ ti rí, ó lè jẹ́ ẹ̀yà kan, ó lè jẹ́ èkejì, ó sì lè jẹ́ méjèèjì nínú garawa kan náà.