Síìtì tó ń fẹ́ atẹ́gùn síni lẹ́yìn

Nínú gbogbo nǹkan tí wọ́n kó sínú Mercedes S-Class, síìtì tó ń fẹ́ atẹ́gùn síni lẹ́yìn ló wù mí jù, torí oòrùn Ìbàdàn yìí kì í ṣeré rárá, tẹ́ẹ bá há sínú gosíló Ìwó Road lọ́sàn-án ẹ máa mọ nǹkan tí mò ń sọ. Èyí tó ń gbóná ńkọ́? Ẹ gbé e lọ Jámánì jàre! Wọ́n tún ṣe kámẹ́rà kan fún ti 2013, ó máa ń wo ojú títì níwájú, kọ̀ǹpútà á ti ṣètò ṣọ́kì sílẹ̀ kí táyà tó gun gegele. Gegele o, kì í ṣe kòtò tí omi òjò ti bò mọ́lẹ̀. Tẹ́ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bèèrè iye tí wọ́n ń ta ṣọ́kì yẹn.