Kí ẹ tó ra track saw, irin rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Gbogbo ẹni tó bá yà sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Òkè-Àró, Àkúrẹ́, tó rí bí track saw, ìyẹn ayùn oníná tó ń rìn lórí irin, ṣe ń gé HDF (pákó tí wọ́n fi lúbúlúbú igi tẹ̀ pọ̀) gbọnrangandan, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí: "Ọ̀gá, èwo ni kí n rà?" Orúkọ ilé iṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Èmi kì í tètè dárúkọ. Ohun tí iṣẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù kọ́ mi ni pé irin tí ayùn ń gùn ṣe pàtàkì ju mọ́tò inú ayùn lọ. Àwọn mọ́tò yẹn ò kúkú yàtọ̀ síra: èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn oníwáyà wà láàárín 1,200 sí 1,400 wáàtì, bíléèdì wọn 160 tàbí 165 mm, wọ́n sì ń gé pákó tó nípọn tó nǹkan bíi 55 mm. Ta ló ń fi pákó tó nípọn tóyẹn kan wọ́dúróòbù?

Irin wá ni ọ̀rọ̀ wà. Plywood àti HDF tí à ń rà jẹ́ 2,440 mm ní gígùn, 1,220 mm ní fífẹ̀, ìyẹn 8 by 4 tí gbogbo wa mọ̀. Irin tí wọ́n sábà ń tà mọ́ ayùn jẹ́ mítà 1.4. Ó tó láti gé pákó ní ìbú, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ la odindi pákó ní gígùn, kò ní tó. Ẹ ó ra irin gígùn kan tó tó mítà 3, tàbí kí ẹ so méjì onímítà 1.4 pọ̀. Èmi fara mọ́ méjì, torí mo máa ń lọ ṣiṣẹ́ nílé oníbàárà ní Alágbàká, irin mítà mẹ́ta ò sì ní wọ inú búùtù táksí kankan. Kí ẹ tó de ìsokọ́ra wọn le, ẹ fi nǹkan tó gún régé ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ wò ó bóyá ó tẹ̀. Bó bá tẹ̀ bín-ín-tín ní àárín, ojú ilẹ̀kùn wọ́dúróòbù ni ẹ ó ti rí i, níbi tí ilẹ̀kùn méjì ti pàdé.

Ẹ béèrè ibi tí ẹ ó ti rí irin kejì kí ẹ tó sanwó ayùn. Ayùn Makita ń rìn lórí irin Festool, ti Festool náà ń rìn lórí ti Makita. DeWalt ní irin tirẹ̀, Bosch náà ní tirẹ̀.

Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà ní etí irin náà, nísàlẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá lò ó, ayùn fúnra rẹ̀ ló máa gé rọ́bà yẹn dọ́gba pẹ̀lú ibi tí bíléèdì ń gbà kọjá. Láti ìgbà náà lọ, etí rọ́bà ni ìlà yín. Ẹ gbé e lé àmì pẹ́ńsù méjèèjì, ẹ gé, ó parí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kejì ni mo fẹ́ràn jù. Eyín irú ayùn yìí máa ń gé láti ìsàlẹ̀ bọ̀ sókè, òkè ló sì ti ń hú ojú pákó, tí HDF funfun á wá rí bí ohun tí eku jẹ. Rọ́bà yìí á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ó má lè hú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn fún àwọn ọmọ iṣẹ́ pé orí èyí tí a fẹ́ lò ni kí irin jókòó lé, kì í ṣe orí àgékù. Ẹ má sì fi irin sílẹ̀ sínú oòrùn. Gọ́ọ̀mù rọ́bà á tú.

Makita SP6000 ní ibì kan tí ẹ lè tì kí ó kọ́kọ́ fi 2 sí 3 mm péré la ojú pákó, kí ẹ tó padà wá gé e délẹ̀. Lórí HDF tó ń dán, iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Bí kò bá sí lára tiyín, ẹ fọwọ́ dín ìjìnlẹ̀ rẹ̀ kù. Ohun kan náà ni, ó kàn ń jẹ àkókò ni. Bíléèdì eyín 48 ni kí ẹ wá fún plywood àti HDF. Bíléèdì tí eyín rẹ̀ kò pọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún igi gidi.

Ti iná ńkọ́? Bí pílọ́ọ̀gì tòkunbọ̀ tó wá láti ìlú ọba bá jẹ́ yẹ́lò, róbótó, 110 volt nìyẹn. Ti Amẹ́ríkà, 120. Tiwa jẹ́ 230, ẹ ó wá máa ru tìráńsífọ́mà kiri. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní "I better pass my neighbour" ò lè gbé ayùn yìí, háàfù kọ́rẹ́ǹtì sì ń pa mọ́tò. Bí ẹ bá ti ní bátìrì ilé iṣẹ́ kan tẹ́lẹ̀, ayùn oníbátìrì wọn ni kí ẹ rò.

Àwọn kan wà tí kò nílò rẹ̀ rárá. Bí ibi tí ẹ ti ń ra pákó bá ń bá yín gé e lórí ẹ̀rọ ńlá, ẹ fowó yín ra nǹkan mìíràn. Bàbá káfíńtà kan ládùúgbò wa gba irin alumíníọ̀mù lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe wíńdò, ó ń fi kíláǹpù dè é mọ́ pákó, ó sì ń ti sákúlà lásán, ayùn oníná tí kò ní irin tirẹ̀, sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ń gún! "Ìwọ ọmọ yìí," ni bàbá máa ń sọ fún mi, "mélòó ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹ?" Àmọ́ gbogbo ìgbà ni bàbá ń wọn àlàfo tó wà láàárín bíléèdì àti ẹsẹ̀ sákúlà, nǹkan tí èmi ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ẹ bá ti rí èyí tó wù yín, ẹ gbé e sórí irin níwájú ẹni tó ń tà á. Ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì. Bó bá ń mì, ẹ yí nọ́ọ̀bù kékeré tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ títí yóò fi fún pinpin. Bí kò bá fún, ẹ dá a padà. Lẹ́yìn náà ẹ ní kí wọ́n tan iná sí i, kí ẹ fi gé àgékù plywood. Bó bá ní kò sí iná, ẹ ní kó tan jẹnẹrétọ̀, kí ẹ san owó bẹntiróòlù ìgbà tí ẹ fi dán an wò. Bó bá ṣì kọ̀, ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì.