Ẹ bèèrè aago tí iná jó o

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ kásúlítì, ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn, bí wọ́n bá gbé ẹni tí iná jó wọlé, ẹ tẹ́tí sí ohùn rẹ̀ ná. Bí ohùn ti há, tí irun imú ti jó, tí itọ́ dúdú fún èéfín, ẹ gbé e jókòó, ẹ fún un ní ọ́síjìn, kí ẹ sì ránṣẹ́ pe dókítà tó ń kun èèyàn lóorun. Ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ geere yẹn, ọ̀fun rẹ̀ lè wú dí kí ilẹ̀ tó ṣú.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bi àwọn tó gbé e wá pé: "Aago mélòó ló ṣẹlẹ̀?" Èmi ò fi ìbéèrè yìí ṣeré rárá. Ká ní ọkùnrin oníkílò 70 ni, iná jó ìdá 30 nínú 100 lára rẹ̀. Ìṣirò Parkland, tí a fi ń mọ iye omi dírípù tí ẹni tí iná jó nílò, ní mílílítà 4 lọ́nà 70 lọ́nà 30, ó di mílílítà 8,400 fún wákàtí 24. Ìdajì rẹ̀, 4,200, gbọ́dọ̀ wọlé láàárín wákàtí 8 àkọ́kọ́, àtìgbà tí iná ti jó o la sì ti ń kà á. Bí jẹnẹrétọ̀ bá gbaná mọ́ ọn lára laago 6 àárọ̀, tí sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ò jẹ́ kí wọ́n dé títí di aago 10, wákàtí 4 ló kù fún yín. Omi tí ẹ ó fà sí i lára á di 1,050 ní wákàtí kan dípò 525. Bí ilé ìwòsàn mìíràn bá ti fa díẹ̀ sí i, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Kì í ṣe òfin Mósè o. Àwọn mìíràn ń fi mílílítà 2 bẹ̀rẹ̀. Ìtọ̀ ni ẹ máa wò: bíi mílílítà 35 ní wákàtí kan fún ọkùnrin yìí. Bí ẹ bá ń ka ìdá tí iná jó, ibi tó kàn pọ́n lásán, ẹ má kà á mọ́ ọn. Àtẹ́lẹwọ́ aláìsàn fúnra rẹ̀, tìka-tìka, jẹ́ ìdá 1 nínú 100 ara rẹ̀.

Òrùka! Ìka á wú, òrùka ò ní wú. Àwọn ìyàwó ilé míì á di ẹ̀ṣẹ́ pa nítorí òrùka ìgbéyàwó. Ẹ fi ọṣẹ sí i, ẹ rọra yí i, kí ẹ gbé e lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ lójú rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí náà ńkọ́? Ẹ gé e. Aṣọ tó ti lẹ̀ mọ́ awọ, ẹ gé e yíká, ẹ má fà á ya.

Ẹ ó rí ẹyin, ògì, àdín, ọṣẹ ìfọyín lójú egbò. Ẹ má bú wọn o, torí ẹni tí ẹ bá bú ò ní sọ ohun tó kù tí ó fi sí i.

Bí kò bá tíì pé wákàtí 3 tó jó o, omi ṣì wúlò. Ẹ ṣí ẹ̀rọ omi sí ibi tó jó náà fún ogún ìṣẹ́jú gbáko. Bí ẹ̀rọ ò bá yọ, ẹ fi ike bù ú dà sí i láìdúró. Kò gbọdọ̀ jẹ́ omi yìnyín. Ẹni tí iná jó káàkiri ara, ẹ fi aṣọ bo ibi tí kò jó kí òtútù má baà mú un.