Ẹ bá mi dúpẹ́: mo tún ti wa bàlúù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi dúpẹ́, ẹnu mi kò gbà á tán. Láti àárọ̀ ni mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí tí mo sì ń pa á rẹ́, torí omijé kò jẹ́ kí n rí ohun tí mò ń kọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ láti 2020 tí wọ́n ti ní kí n máa lọ sílé, ẹ mọ ohun tí ojú mi rí. Àná ni mo tún gbé èrò, ní ilẹ̀ tí wọn kò bí mi sí. Olúwa, mo dúpẹ́. Ìwọ nìkan lo mọ òru tí mi ò sùn.

Mi ò ní ka gbogbo rẹ̀ síbí. Lẹ́tà ìwáṣẹ́ tí mo fi ránṣẹ́ lé ní 100, àwọn tó dáhùn kò pé 10. Éjẹ́ǹtì kan gba owó lọ́wọ́ mi, ó ní ipò ti wà nílẹ̀ fún mi, nígbà tó yá, nọ́ńbà rẹ̀ kò wọlé mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá irú iṣẹ́ yìí, ẹni tó bá fẹ́ gbowó kí ó tó sọ orúkọ iléeṣẹ́ fún yín, ẹ sá fún un. Mo fi owó mi kọ́ ọ ni.

Lẹ́yìn Ọlọ́run, Màmá Captain. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo ti kọ́kọ́ jókòó gẹ́gẹ́ bí igbákejì awakọ̀, kí ọjọ́ orí wọn tó pé 65 tí òfin ní kí wọ́n fi iṣẹ́ gbígbé èrò kọjá ibodè sílẹ̀. Nígbà tí gbogbo nǹkan dojú rú, mo kó àwọn ìwé mi lọ bá wọn. Wọn ò wo wákàtí tí mo ti fò rárá. Wọ́n ní, “Bàlúù tí o fẹ́ lọ wà, àmì orílẹ̀-èdè wo ló wà lára ẹ̀?” Mi ò lè dáhùn. Wọ́n ní, “Ṣé o rí i? Ibẹ̀ lo ò tíì dé.”

Wọ́n wá jókòó tì mí, wọ́n ṣàlàyé. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Chicago ní 1944 ti sọ ọ́: bí bàlúù bá ń ti ilẹ̀ kan lọ sí òmíràn, orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti forúkọ bàlúù náà sílẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fún awakọ̀ ní láísẹ́ǹsì, tàbí kí ó fọwọ́ sí èyí tó ní. Odindi ọdún kan ni mo fi ń kọ̀wé sí àwọn tí láísẹ́ǹsì ọwọ́ mi kò lè jẹ́ kí n fọwọ́ kan bàlúù wọn! Ẹnì kan tilẹ̀ ti gbà mí nímọ̀ràn pé kí n gba ti Amẹ́ríkà lórí èyí tí mo ní, pé kò ní pẹ́. Màmá ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ti awakọ̀ aládàáni ni wọ́n ń fúnni lọ́nà yẹn, kò sí ẹni tó lè fi gbowó oṣù.

Ohun kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Iléeṣẹ́ kan ń béèrè wákàtí 500 lórí irú bàlúù tí mo mọ̀ ọ́n wà, 412 ni mo ní. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fi gègé fo èyí tó kù, kí n kàn kọ wákàtí tí mi ò fò sínú ìwé àkọsílẹ̀ mi, pé gbogbo ayé ló ń ṣe é. Ebi ń pa mí lákòókò náà, mo fẹ́ gbà. Mo sọ fún Màmá. Wọ́n dákẹ́ títí, wọ́n ní, “Wákàtí tí o kò fò, símúlétọ̀ máa bi ọ́ nípa ẹ̀. Bí símúlétọ̀ ò bá sì bi ọ́, èrò ló máa san án.” (Símúlétọ̀ ni ẹ̀rọ orí ilẹ̀ tó ń ṣe bíi bàlúù, òun ni wọ́n fi ń dán awakọ̀ wò.) Mi ò tún dán irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wò mọ́. Ẹ ṣeun mà. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n lè fi ojú kan wo ìwé àkọsílẹ̀ mi lónìí.

Láísẹ́ǹsì ti ilẹ̀ Yúróòpù la wá gbájú mọ́. Ìdánwò 13. Ẹni tí kò bá gba 75 nínú 100, ó ti fìdí rẹmi. Ìgbà 4 péré ni wọ́n fún ọ lórí ìdánwò kọ̀ọ̀kan, oṣù 18 sì ni gbogbo rẹ̀ látìgbà tí o bá ti kọ́kọ́ jókòó. Bí ọ̀kan bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ, gbogbo àwọn tí o ti yege ni wàá tún ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo yege nínú 12. General Navigation, ìyẹn ìdánwò bí awakọ̀ ṣe ń mọ ọ̀nà lójú òfuurufú, kọ̀ jálẹ̀. Ìgbà kìíní, 72. Ìgbà kejì, 68. Ìgbà kẹta, 73. Owó ti tán, oṣù 18 náà sì ń tán lọ. Ẹ̀yin ará mi, òru tó ṣáájú ìgbà kẹrin yẹn, ilẹ̀ ni mo sùn sí. Àdúrà ò tilẹ̀ jáde lẹ́nu mi, “Olúwa” nìkan ni mò ń pè. Nígbà tí mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ rí dá lórí afẹ́fẹ́ tó ń ti bàlúù kúrò lójú ọ̀nà. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ni mo bá rántí pé kò sí ọjọ́ kan tí èmi àti Màmá fò tí wọn ò ní kọ́kọ́ bi mí pé, “Afẹ́fẹ́ ńkọ́?” Àfi bíi pé wọ́n jókòó tì mí. Mo ṣe é. Mo ṣe èyí tó tẹ̀ lé e. 81 ni wọ́n fún mi. Mo kúnlẹ̀ sójú títì níta, àwọn èèyàn ń wò mí.

Ẹ̀yin tí ẹ ní kò sẹ́ni tó máa fi ọmọ onílẹ̀ sílẹ̀ kí ó gba àjòjì, mo gbọ́ yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ fún ìyàwó mi pé kí ó bá mi sọ̀rọ̀ kí n wá iṣẹ́ gidi ṣe, ó sọ ọ́ fún mi, ó sì tún jí mi láago mẹ́rin kí n lọ kàwé. Òun náà ni mo ń kí o. Olùfẹ́ mi, o ṣeun.

Ẹ̀yin tó kù lẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀. Ẹ ṣe àyẹ̀wò ara ti Class 1, èyí tí wọ́n ń ṣe fún awakọ̀ bàlúù tó ń gbowó iṣẹ́, kí ẹ tó san owó ilé-ẹ̀kọ́ èyíkéyìí, torí ojú tàbí ọkàn lè dá yín padà lẹ́yìn tí owó bá ti lọ. Láísẹ́ǹsì kì í ṣe ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́ nílùú wọn, ọ̀tọ̀ ni ti físà. Iléeṣẹ́ púpọ̀ ló máa ń béèrè ẹ̀tọ́ iṣẹ́ náà kí wọ́n tó ka orúkọ yín, ẹ wá èyí tó lè bá yín gbà á. Ẹ má sì jẹ́ kí ọwọ́ yín tutù: ẹni tí kò bá gbéra kí ó sì balẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta láàárín ọjọ́ 90, kò tíì lè gbé èrò.

Lánàá, bí mo ṣe jáde nínú bàlúù, Màmá Captain ni mo pè. Mo rò pé wọ́n máa kí mi kú oríire. Wọ́n ní, “Afẹ́fẹ́ ńkọ́?” Mo ní, “Knots 14 ni eré rẹ̀ mà, láti ọ̀tún.” Wọ́n ní, “O sì balẹ̀ dáadáa?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Mo gbọ́ tí wọ́n fa imú. Àwa méjèèjì kàn di fóònù mú, a ń sunkún.